Charles Goodyear: Ọkùnrin tó kọ́ ayé bí wọ́n ṣe ń mú rọ́bà jinná, tó sì kú sínú gbèsè

Bí táyà bá jò lójú títì, ẹni àkọ́kọ́ tí awakọ̀ máa ń wá ni fọkanáísà. Àwọn oníṣẹ́ yìí ti pọ̀ káàkiri ìlú wa débi pé kò sẹ́ni tó tún ń béèrè ibi tí orúkọ wọn ti wá. Ẹ rántí bí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́: wọn yóò ha ojú túùbù, wọn yóò lẹ rọ́bà tútù mọ́ ibi tó jò, wọn yóò fi irin dè é mọ́lẹ̀ pinpin, wọn yóò sì dáná sí i lórí. Bí iná bá pọ̀ jù, túùbù yóò jóná. Bí kò bá sì tó, ibi tí wọ́n lẹ̀ yóò ṣí kí awakọ̀ tó rìn jìnnà. Iná, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ àti àkókò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Àwọn náà ni ilé iṣẹ́ táyà ńláńlá lágbàáyé gbójú lé títí dòní. Ọkùnrin Amẹ́ríkà kan ló fi ìlera rẹ̀, òmìnira rẹ̀ àti owó ẹbí rẹ̀ wá ọ̀nà náà rí. Charles Goodyear lorúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ 29, oṣù Kejìlá, ọdún 1800 ni wọ́n bí i sí ìlú New Haven, ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Amasa ni orúkọ baba rẹ̀, oníṣòwò tó ń ṣe bọ́tìnnì àti irinṣẹ́ àwọn àgbẹ̀ ni. Lọ́dún 1824, Charles gbé Clarissa Beecher níyàwó. Nígbà tó di ọdún 1826, tọkọtaya náà kó lọ sí ìlú Philadelphia, Charles sì ṣí ìsọ̀ irinṣẹ́ síbẹ̀. Ọjà náà kọ́kọ́ tà, ṣùgbọ́n àwìn pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò sì pẹ́ tí gbèsè fi wọ ọ́ lọ́rùn. Nígbà tó fi máa di ọdún 1830, òwò náà ti dojú dé. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá jẹ gbèsè tí kò rí i san, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Goodyear wọ ẹ̀wọ̀n onígbèsè, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Àsìkò yẹn gan-an ni rọ́bà ń gbòde l'Amẹ́ríkà. Oje igi kan tó ń hù nínú igbó Brazil ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó ń nà, ó ń sún padà, omi kì í sì í gbà á kọjá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ṣe bàtà àti aṣọ òjò. Ṣùgbọ́n àbùkù ńlá wà lára rẹ̀. Bí oòrùn bá mú, yóò yọ́, yóò máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, yóò sì máa rùn. Bí òtútù bá dé, yóò gan bí igi, yóò sì máa sán. Lọ́dún 1834, Goodyear yà sí ìsọ̀ ilé iṣẹ́ Roxbury India Rubber Company nílùú New York, ó sì rí ìgbàjá rọ́bà kan tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi. Ó wòye pé ẹnu tí wọ́n ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ kò dára tó, ó lọ sílé, ó ṣe èyí tó dára jù ú lọ, ó sì gbé e padà wá. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ yìn ín, ṣùgbọ́n ó là á yé e pé ẹnu ìgbàjá kọ́ nìṣòro àwọn. Ọjà tó ti yọ́ ni àwọn oníbàárà ń dá padà lójoojúmọ́. Ẹni tó bá lè wo àrùn rọ́bà fúnra rẹ̀ sàn lẹni tí ilé iṣẹ́ náà ń wá. Ọ̀rọ̀ yìí wọ Goodyear lára, kò sì tún ro nǹkan mìíràn mọ́ títí tó fi kú.

Kò kẹ́kọ̀ọ́ nípa kẹ́míkà rí. Inú ẹ̀wọ̀n onígbèsè ní Philadelphia ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti gbé rọ́bà tútù àti igi tí ó fi ń tẹ ìyẹ̀fun wá fún un. Ó ń pò ó, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń da oríṣiríṣi ẹbu sí i. Ó dán magnẹ́síà wò, rọ́bà náà funfun, ó sì dùn ún wò, ṣùgbọ́n nígbà tí ooru dé, ó tún yọ́. Ìyà tó jẹ ìdílé rẹ̀ láwọn ọdún wọ̀nyẹn kò kéré. Ó ta ohun èlò ilé, ó ta ìwé tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń lọ sílé ìwé, ó sì sin lára àwọn ọmọ rẹ̀ ní kékeré.

Lọ́dún 1837, ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà kan tó ń fi ásíìdì nítríkì wẹ rọ́bà, tí ojú rẹ̀ fi máa ń gbẹ tí yóò sì máa dán. Ó rí ẹni tó máa fi owó ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, owó onítọ̀hún sì wọmi. Lẹ́yìn èyí, ìjọba ní kó ṣe 150 àpò ìkówèé fún ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́. Ó ṣe wọ́n, wọ́n lẹ́wà, ó fi wọ́n sílé nínú ooru, ó sì rin ìrìn àjò. Ìgbà tó fi máa dé, àwọn àpò náà ti ń yọ́ jábọ́. Ojú wọn ló gbẹ, inú wọn kò jinná. Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́, ó ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ìtìjú yìí kọ́ Goodyear ní ohun tí kò gbàgbé mọ́: ìrísí rọ́bà kì í ṣe ẹ̀rí pé ó dára.

Ní ìlú Woburn, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ló ti pàdé Nathaniel Hayward, ẹni tó ti ń da imí ọjọ́ pọ̀ mọ́ rọ́bà tó sì ń sá a sóòrùn. Goodyear ra ẹ̀tọ́ ọ̀nà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà òtútù ọdún 1839, rọ́bà tó ti po imí ọjọ́ mọ́ bá ṣèèṣì kan sítóòfù gbígbóná. Gbogbo ẹni tó mọ rọ́bà rò pé yóò yọ́, ṣùgbọ́n kò yọ́, ńṣe ló jóná bí awọ. Ọ̀pọ̀ ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ parí síbẹ̀, bí ẹni pé oríire ọjọ́ kan ló sọ ọ́ di olókìkí. Ṣùgbọ́n ohun tó rí lẹ́yìn náà ló ṣe pàtàkì jù. Àárín rọ́bà náà ti di èédú, àmọ́ létí ibi tó jóná, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí kò jóná tí kò sì tutù mọ́. Ó kan rọ́bà tó ti kan iná náà mọ́ ìta nínú òtútù di ọjọ́ kejì, ó sì bá a bí ó ṣe wà, ó ń tẹ̀, kò gan. Ìgbà náà ló mọ̀ pé iná, tí òun rò pé ó jẹ́ ọ̀tá rọ́bà, ni oògùn rẹ̀, bí ẹnìkan bá lè mọ ìwọ̀n tó yẹ.

Mímọ ìwọ̀n yìí gba ọdún márùn-ún gbáko. Iná wo ló tó? Wákàtí mélòó? Imí ọjọ́ mélòó? Kò sí ọ̀gá tó lè kọ́ ọ, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́. Ó ki rọ́bà bọ inú ààrò tí ìyàwó rẹ̀ fi ń yan búrẹ́dì, ó sè é nínú ìkòkò, ó lọ bẹ àwọn alágbẹ̀dẹ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lo iná wọn lẹ́yìn iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan yóò jinná, lọ́jọ́ kejì yóò wú, tàbí kó jóná, tàbí kí inú rẹ̀ tutù. Àwọn aládùúgbò rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ọkọ àbúrò rẹ̀ tó ń ṣe òwò aṣọ ló ń yá a lówó tí ìdílé fi ń jẹun. Nígbẹ̀yìn, ó rí i pé ooru omi híhó tí a há mọ́ inú irin, tó sì gbóná tó 270 lórí ìwọ̀n Fahrenheit, èyí tó jẹ́ 132 lórí ìwọ̀n Celsius, fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, ló ń mú rọ́bà jinná déédé láti òde dé inú. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Lọ́jọ́ 15, oṣù Kẹfà, ọdún 1844, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ onínọ́ńbà 3,633. Ìwọ̀n àdàpọ̀ tó kọ sínú rẹ̀ ni rọ́bà 25, imí ọjọ́ 5 àti òjé funfun 7.

Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù fún un ní Ìlú Ọba. Thomas Hancock, àgbà oníṣẹ́ rọ́bà ní London, ti rí lára rọ́bà tó wá láti Amẹ́ríkà, ó kíyè sí i pé imí ọjọ́ wà lójú rẹ̀, òun náà sì ṣiṣẹ́ títí tó fi mọ ọ̀nà rẹ̀. Oṣù Kọkànlá, ọdún 1843, ló ti gbé ìwé tirẹ̀ síwájú ìjọba. Ilé ẹjọ́ Ìlú Ọba kò dá Goodyear láre. Ọ̀rẹ́ Hancock kan, William Brockedon, ló sọ iṣẹ́ náà ní orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní, ó mú un láti ara Vulcan, òòṣà iná àti alágbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù, bí ìgbà tí Yorùbá bá fi Ògún sọ iṣẹ́ lórúkọ. Láti ara orúkọ yẹn ni a ti rí fọkanáísà.

L'Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, àwọn tó ń jí ọ̀nà rẹ̀ lò pọ̀. Lọ́dún 1852, ní ìlú Trenton, agbẹjọ́rò olókìkí nì, Daniel Webster, bá a rojọ́ sí Horace Day, wọ́n sì jàre. Síbẹ̀, owó kì í dúró lọ́wọ́ Goodyear. Ó ná nǹkan bí 30,000 dọ́là sórí àfihàn rọ́bà rẹ̀ ní London lọ́dún 1851, ó sì ná nǹkan bí 50,000 sórí ti Paris lọ́dún 1855. Clarissa, ìyàwó tó bá a jìyà, kú lọ́dún 1853. Ní Paris, ẹ̀tọ́ rẹ̀ bọ́ nílẹ̀ Faransé, gbèsè tún wọlé, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n Clichy ní oṣù Kejìlá, ọdún 1855. Inú ẹ̀wọ̀n náà ni àmì ẹ̀yẹ tí ọba Napoleon Kẹta fi dá a lọ́lá ti bá a.

Lọ́dún 1860, ó gbọ́ pé ọmọbìnrin rẹ̀ kan ń kú lọ ní New Haven. Ó dìde pẹ̀lú àìlera, ṣùgbọ́n nígbà tó dé New York, wọ́n sọ fún un pé ọmọ náà ti kú. Òun náà ṣubú lulẹ̀, ó sì kú sí òtẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀ lọ́jọ́ 1, oṣù Keje. Gbèsè tó fi sílẹ̀ tó nǹkan bí 200,000 dọ́là. Ilé iṣẹ́ táyà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀: Frank Seiberling ló dá a sílẹ̀ ní ìlú Akron lọ́dún 1898, ó fi orúkọ náà bọlá fún òkú ni.

Kí ló wá kù nínú ayé ọkùnrin yìí fún àwa tó wà láyé? Ó kù síbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń mú rọ́bà jinná. A ti mọ̀ lónìí pé imí ọjọ́ máa ń so àwọn okùn tín-ín-tín inú rọ́bà mọ́ ara wọn, ooru ló sì ń mú kó so wọ́n. Bí ó bá ti so, kò ṣeé tú mọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹyin tí a ti sè kò ṣe lè padà di tútù. Nítorí náà, àṣìṣe oníṣẹ́ kò ní àtúnṣe. Bí ó bá yọ rọ́bà kó tó jinná, ihò yóò wà nínú rẹ̀, yóò sì rọ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ kó pẹ́ jù, agbára rẹ̀ yóò tún dín kù. Èyí tó nípọn ṣòro jù, nítorí ooru kì í tètè dé àárín rẹ̀. Táyà tí inú rẹ̀ kò jinná lè dán lójú bí àwọn àpò ìkówèé ọjọ́sí, àmọ́ lórí eré ni àṣírí rẹ̀ yóò tú, ẹ̀mí èèyàn ni yóò sì bá a lọ.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ọ̀gá kan gbé ẹ̀rọ lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ nítorí pé ó lè ka gbogbo òfin lórí. Ó yẹ kó dúró tì í, kó wò ó bó ṣe ń ka aago ooru àti ti ìtẹ̀mọ́lẹ̀, bó ṣe ń kọ àkókò sílẹ̀, kó sì bi í ní ohun tí yóò ṣe bí ooru bá já wálẹ̀ láàárín iṣẹ́. Kó fún un ní rọ́bà tó ti jáde, kó wọn líle rẹ̀, kó gé e, kó sì sọ ohun tó rí nínú rẹ̀. Kó rí i dájú pé ọmọ náà kò ní í ṣí ilẹ̀kùn irin tó ń se rọ́bà nígbà tí ooru omi ṣì há sínú rẹ̀, nítorí ìyẹn lè pa á lójú ẹsẹ̀. Kó sì kọ́ ọ pé ẹbu tí à ń pò lè jẹ́ májèlé: ọ̀pọ̀ ọdún ni Goodyear fi po òjé, ara rẹ̀ kò sì le.

Wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ là ń mọ oníṣẹ́, à fi ẹni tó bá fi orí tì í dópin. Ọdún márùn-ún tí Goodyear fi wá ìwọ̀n iná kò sọ ọ́ di olówó, ṣùgbọ́n òun ni kò jẹ́ kí oníṣẹ́ kankan tún fi ebi àti ẹ̀wọ̀n kọ́ ohun tí ọ̀gá rere lè fi kọ́ ọ láàárín oṣù díẹ̀. Ọ̀gá tó bá fi ìkánjú kọ́ni, tó sì dán ọmọ iṣẹ́ wò lórí ahọ́n nìkan, ogún yẹn ló ń fi ṣòfò.