Ìyá Tó Di Ilé Mú: Ìtàn Ayé Susan Asano Crowther

  

Ní agbègbè wa níhìn-ín, láti Lekki títí dé Ajah àti Sangotedo, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń dá nìkan bójú tó ilé láàárín ọ̀sẹ̀. Baálé ti jáde kí àkùkọ tó kọ, nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ní títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́. Kí ó tó padà dé, àwọn ọmọ ti sùn. Ọkọ ẹlòmíràn wà lórí òkun níbi tí wọ́n ti ń wa epo, ti ẹlòmíràn wà ní Àbújá tàbí ní òkè òkun. Ìbéèrè tí a sì máa ń bi ara wa ni pé, bí ọkọ bá jẹ́ orí aya, tí orí kò sì sí nílé, ta ni yóò gbé pẹpẹ àdúrà ró? Ìyàwó tó bá gbé e ró, ṣé ipò ọkọ ló gbà, àbí ojúṣe tirẹ̀ ló ń ṣe?

Ìtàn ìyá kan wà tí ó lè ràn wá lọ́wọ́. Gbogbo wa ni a mọ ọkọ rẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀, Susan, tí ó ń jẹ́ Asano kí ó tó ṣe ìrìbọmi, ni mo fẹ́ kí a wò lónìí. Ọmọ Ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n, kì í ṣe Mẹ́tọ́díìsì. Síbẹ̀, ọ̀nà Àgbádárìgì kan náà tí Thomas Birch Freeman tiwa gbà wọlé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni àwọn náà gbà.

ÀWỌN MÉJÌ TÍ A GBÀ LỌ́WỌ́ OLÓWÒ ẸRÚ

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí Ajayi ní ìlú Ọ̀ṣoògùn. Ní 1821 ogun kó ìlú náà, wọ́n sì mú un lẹ́rú. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú omi, ó sì kó wọn lọ sí Freetown ní Sierra Leone. Asano náà wà lára àwọn tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú bẹ́ẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nárì ní Sierra Leone ni àwọn méjèèjì ti mọ ìwé, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti mọ Olúwa. A ṣe ìrìbọmi fún Ajayi ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejìlá ọdún 1825. Asano di Susan. Ní 1829 wọ́n ṣe ìgbéyàwó.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ìdílé méjì ló máa ń so ìyàwó àti ọkọ pọ̀. Alárinà á wà, àwọn àgbà á dá idà lé e, a ó san owó orí. Ṣùgbọ́n ogun ti ya àwọn méjì yìí nípa kúrò lọ́dọ̀ ẹbí. Ọjà ni wọ́n ti fi àwọn méjèèjì ṣe rí. Ẹni tí wọ́n bá ti tà rí mọ bí ó ti rí láti jẹ́ ohun ìní ẹlòmíràn. Mo gbà pé ìdí kan nìyẹn tí ilé náà kò fi di ilé ọ̀gá àti ìránṣẹ́. Tíṣà ni ọkọ, tíṣà ni ìyàwó. Nígbà tí wọ́n rán Ajayi lọ kọ́ àwọn ọmọ ní àwọn abúlé tó yí Freetown ká, Susan náà ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́.

ÀGBÁDÁRÌGÌ ÀTI ABẸ́ÒKÚTA

Ní oṣù kìíní ọdún 1845, Ajayi, tí ó ti di àlùfáà ní 1843, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú Susan àti àwọn ọmọ wọn kékeré. Henry Townsend àti Charles Gollmer ni wọ́n jọ dé. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tí ó ń retí wọn, ti kú, ogun sì ti dí ọ̀nà. Ọdún kan àtààbọ̀ ni wọ́n fi dúró sí etí òkun náà, nínú ẹ̀fọn àti ibà. Ìyá tó bá ti tọ́jú ọmọ kékeré ní ilẹ̀ àjèjì mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni wọ́n tó wọ Abẹ́òkúta. Láàárín oṣù kan náà, ní ọjọ́ kọkànlélógún, Ajayi tún fojú kan ìyá tó bí i, Afala, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ wo Susan báyìí. Ó ti ṣe ìyàwó fún ọdún mẹ́tàdínlógún láìrí ìyá ọkọ. Lójijì, ìyá ọkọ dé, òrìṣà ni ó sì ń bọ. Kò sí ẹni tí ó fi agbára mú ìyá àgbà náà. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ni ó fi wo ìgbé ayé àwọn ọmọ rẹ̀, tí ó sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì ọdún 1848, ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí a ṣe ìrìbọmi fún ní Abẹ́òkúta, a sì sọ ọ́ ní Hannah.

Ọ̀ràn ìgbéyàwó le púpọ̀ nínú ìjọ nígbà náà. Àwọn míṣọ́nárì kì í ṣe ìrìbọmi fún ọkùnrin tó ní ju ìyàwó kan lọ. Kí ni ká wá ṣe fún ìyàwó kẹta tàbí ìkẹrin tó gba Jésù gbọ́? Ajayi wà lára àwọn tó ní kí a gbà á, nítorí kì í ṣe òun ló yan irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀. Èyí fi hàn pé ìgbàgbọ́ obìnrin jẹ́ tirẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Kì í ṣe abẹ́ ìgbàgbọ́ ọkọ ni ó ti ń ráyè wọlé.

ỌKỌ WÀ LÓRÍ ODÒ Ọ̀YA

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìrìn àjò ti wà nínú ìgbéyàwó yìí. Ní 1841, nígbà tí wọ́n ṣì wà ní Sierra Leone, Ajayi bá wọn lọ sí odò Ọya. Ibà pa ọ̀pọ̀ òyìnbó nínú ìrìn àjò náà. Ó tún lọ ní 1854. Ó tún lọ ní 1857, ọkọ̀ wọn sì fọ́ lórí àpáta nítòsí Jẹ̀bbà. Ní 1864 wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí Ìjọ Áńgílíkà fi sí ipò náà. Láti ìgbà náà, Èkó ni ilé wà, odò Ọya ni iṣẹ́ wà. Ní 1867, ìjòyè kan lórí odò náà mú bíṣọ́ọ̀bù ní ìgbèkùn kí a tó gbà á sílẹ̀. Ọkùnrin tí a ti mú lẹ́rú lọ́mọdé tún di ẹni ìgbèkùn lágbà. Kò sí tẹlifóònù. Ìyàwó nílé á máa retí lẹ́tà ni.

Susan kò fi ilé sílẹ̀ kó dàrú. Ọmọ wọn Dandeson di òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ó sì di áṣídíákónì ní ẹnu odò Ọya. Josiah di oníṣòwò. Abigail fẹ́ Thomas Babington Macaulay, tí ó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, ilé ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní 1864, ọdún kan náà tí ọkọ Susan di bíṣọ́ọ̀bù, Abigail bí Herbert Macaulay. Iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tí bàbá ṣe, tí a fi ń ka Éfésù orí karùn-ún ní èdè wa lónìí, inú ìdílé yìí ni ó ti jáde.

Susan sùn nínú Olúwa ní Èkó ní ọdún 1880, lẹ́yìn ìgbéyàwó tó lé ní àádọ́ta ọdún. Ìyá ọkọ rẹ̀ kú ní 1883. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Èkíní, pẹpẹ àdúrà kì í ṣe àga baálé, tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fara kàn. Ti Ọlọ́run ni. Ìyá tó pe àwọn ọmọ jọ gbàdúrà nígbà tí bàbá wọn kò sí kò gba ipò ẹnikẹ́ni. Lóìsì àti Yùníìsì ṣe bẹ́ẹ̀ fún Tímótì.

Èkejì, ọkọ tó jẹ́ orí kì í tẹ ẹ̀bùn aya rẹ̀ rì. Ajayi kò sọ pé kí Susan pa ìwé tì nítorí pé ó ti di ìyàwó ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Àkúílà àti Pírísílà ṣe jọ kọ́ Àpólò.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa àti fún àwọn ọkọ wa. Kì í ṣe ìwà rere ni pé kí bàbá má sí nílé. Ìyà ni, Susan sì jẹ ẹ́. Odò Ọya ló wà láàárín Ajayi àti ilé rẹ̀. Baálé tó wà nílé ní Ajah ní ọjọ́ Sátidé, tí kò bá àwọn ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀, kò ní odò tí ó lè fi ṣe àwáwí.

Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa yan àkókò àdúrà kan fún ilé rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta yìí, tí yóò dúró yálà bàbá wà nílé tàbí kò sí. Bí ó bá wà, ẹ fi ọ̀wọ̀ fún un kó darí rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ má jẹ́ kí iná náà kú. Kí Ọlọ́run tó pa Susan àti Ajayi mọ́ pa ìgbéyàwó wa mọ́. Àmín.