OLÓÒGBÉ ÀÌNÁ ỌNÀBÓLÚ, AYÀWÒRÁN

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde nílé lóko, ìlú wa ni a bí Olóògbé Àìná Ọnàbólú sí ní 1882. Akọ̀wé ìjọba ni ó jẹ́ ní Èkó, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ àwòrán yíyà láìsí olùkọ́. Ní 1906 ó fi ọ̀dà olómi ya Ìyáàfin Spencer Savage. Nígbà náà àwọn òyìnbó kan gbà pé ọmọ adúláwọ̀ kò lè ya ènìyàn kí ó jọ ènìyàn.

Ní 1920 ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ St John's Wood ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti ń sún mọ́ ẹni ogójì ọdún, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbàgbé síléètì! Ọ̀dà olóróró kì í tètè gbẹ: ayàwòrán lè padà sí ojú kan náà lọ́jọ́ kejì, kí ó máa po ìmọ́lẹ̀ mọ́ òjìji títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò fi rí róbótó. Òun náà ni ó fi ya Sisi Nurse ní 1922, ọdún tí ó padà wálé.

Ó wá ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Èkó bí ohun tí ó jìnnà ṣe ń kéré lójú, àti bí ìlà ilẹ̀ àti ti ògiri yàrá ṣe ń sún mọ́ ara wọn bí wọ́n ti ń lọ sẹ́yìn. Iṣẹ́ pọ̀ jù fún ẹnì kan, ó sì bẹ ìjọba fún olùrànlọ́wọ́. Kenneth Murray dé ní 1927, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ ni òyìnbó yìí fẹ́ kí àwọn ọmọ máa tọ̀. Ní tiwa, a kò rí ìdí tí ọ̀kan fi ní láti lé èkejì jáde. Ọnàbólú kò yà kúrò ní ọ̀nà tirẹ̀ títí ó fi kú ní 1963.