Fẹlá Ṣówándé: Fẹlá tí a kì í sábà dárúkọ

Tí a bá ti gbọ́ Fẹlá, Aníkúlápó ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Àmọ́ Fẹlá kan ti wà ṣáájú rẹ̀: Fẹlá Ṣówándé, tí wọ́n bí lọ́dún 1905.

Àlùfáà ni bàbá rẹ̀, ó sì mọ orin. Ní Èkó, Ṣówándé kọ́ orin ìjọ lọ́dọ̀ Ekundayo Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà tó wà ní Marina. Phillips gbà pé ohùn orin gbọ́dọ̀ bá ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá mu, kí "ọkọ" má baà di "ọkọ̀" lẹ́nu akọrin. Leoš Janáček, ọmọ Czech tó kọ orin méjì fún àwọn olókùn mẹ́rin ní 1923 àti 1928, náà máa ń kọ ohùn ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú rẹ̀ sílẹ̀.

Ní nǹkan bí 1934, Ṣówándé lọ sí Lọ́ńdọ́nù láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ṣùgbọ́n orin gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń ta jazz, ó sì tún ń tẹ dùùrù ní ilé ìjọsìn. Ní 1944, nígbà tí ogun ṣì ń jà, ó kọ African Suite fún ohun èlò olókùn àti háàpù. Apá márùn-ún ló ní. Ọ̀kan ń jẹ́ Nostalgia, orin ẹni tí àárò ilé ń sọ. Èyí tó kẹ́yìn ni Akinla, tó ti inú orin highlife wá. Decca gbé orin náà jáde lórí àwo, rédíò CBC ní Kánádà sì fi Akinla ṣí ètò Gilmour's Albums fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ó padà sílé ní 1953, ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò. New York Philharmonic ta Folk Symphony rẹ̀ ní Carnegie Hall. Láti Laurelton wa níbí, reluwé ló máa gbé wa débẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Howard àti Kent State. Ohio ló kú sí ní 1987.

Wọ́n máa ń bi àwa tí a bí sí òkè òkun pé ibo gan-an la ti wá, bíi pé a gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan ká ju èkejì nù. Ṣówándé ò ju ìkankan nù. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ Nostalgia, kí ẹ tó gbọ́ Akinla: àárò ilé ló ṣáájú, ijó ló tẹ̀lé e.