Ken Saro-Wiwa: ẹni tó jẹ́ kí ayé fojú rí ilẹ̀ Ògóni

Epo kpayo tí à ń rà nínú ìgò lẹ́bàá títì ní Savalou, láti Nàìjíríà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. A mọ iye tí wọ́n ń tà á. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì Nàìjíríà, àwa mélòó ló ti fojú rí i? Ken Saro-Wiwa sa gbogbo ipá rẹ̀ kí ayé lè rí i.

Ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 1941 ni wọ́n bí i ní Bori, nílẹ̀ Ògóni, ní gúúsù Nàìjíríà. Ó kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó di òǹkọ̀wé. Eré apanilẹ́rìn-ín rẹ̀, Basi and Company, kó ọ̀pọ̀ ilé jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n láàárín ọdún 1986 sí 1990. Ó mọ bí àwòrán ṣe ń wọ ènìyàn lára.

Láti 1958 ni wọ́n ti rí epo nílẹ̀ Ògóni. Epo ń ya sínú odò àti oko, iná gáàsì ń jó tọ̀sán-tòru. Ẹni tí kò bá gbé ibẹ̀ kò mọ̀. Ní 1990, òun àtàwọn àgbà Ògóni dá ẹgbẹ́ MOSOP sílẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 1993, nǹkan bí 300,000 ènìyàn jáde láìmú ohun ìjà lọ́wọ́. Wọ́n ya fíìmù rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gbé ọ̀rọ̀ Ògóni jáde. Àwọn tó ń lo epo lókè òkun wá rí odò tó dúdú. Lọ́dún náà ni iléeṣẹ́ Shell dáwọ́ wíwa epo dúró níbẹ̀.

Àwòrán kò gba ẹ̀mí rẹ̀ là o. Ní 1994, ìjọba ológun Abacha mú un, wọ́n ní ó lọ́wọ́ nínú ikú ìjòyè Ògóni mẹ́rin. Ó sẹ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1995, wọ́n yẹgi fún un pẹ̀lú àwọn mẹ́jọ mìíràn. Ní 2011, àjọ UNEP ní ìmọ́tótó ilẹ̀ àti omi Ògóni lè gba ọdún 25 sí 30.

Lónìí, fóònù wà lọ́wọ́ wa. Bí iná ìgbẹ́ bá jó oko kajú, tàbí tí wọ́n gé igbó lulẹ̀, ẹ yà á. Ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ ibẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ibòmíràn ni.