Heinrich Schliemann, Ẹni tí ó fi Ìwé àti Ọkọ́ Wá Ìlú Troy

Bí ọmọ bá wọ yunifásítì tí ó ní òun fẹ́ kọ́ èdè àti ìwé àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́, kí òun sì tún kọ́ ìmọ̀ ìwalẹ̀, èyíinì ni wíwá ìtàn nínú ohun tí àwọn ará ìgbàanì fi sílẹ̀ sínú ilẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ a máa béèrè irú oúnjẹ tí ó wà nínú rẹ̀. Ìtàn ọkùnrin kan tí ó ti kú tipẹ́tipẹ́ yóò fi ìdí tí ẹ̀kọ́ méjèèjì fi yẹ ní kíkọ́ pọ̀ hàn wá.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 1822 ni a bí Heinrich Schliemann ní Neubukow, ìlú kékeré kan ní apá àríwá ilẹ̀ Jámánì. Àlùfáà ìjọ Krístì ni bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún 9 ni ó wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 14, ó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí àìlówó, ó sì lọ ń kọ́ iṣẹ́ ọjà títà ní ṣọ́ọ̀bù kan. Ní ọdún 1841 ó wọ ọkọ̀ ojú omi láti lọ sí Venezuela, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà rì ní etí òkun ilẹ̀ Họ́lándì. Níbẹ̀ ni ó ti rí iṣẹ́ akọ̀wé, tí ó sì ń fi àkókò ìsinmi rẹ̀ kọ́ èdè lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi gbọ́ èdè Rọ́ṣíà. Ní ọdún 1846 àwọn ọ̀gá rẹ̀ rán an lọ sí St. Petersburg. Aró ni ó ń tà níbẹ̀, ó sì di olówó ńlá.

Lẹ́yìn èyí ni ó kọ́ èdè Gíríìkì, tí ọkàn rẹ̀ sì fà mọ́ Homer, akéwì ìgbàanì tí ó sọ bí àwọn ará Gíríìkì ṣe dó ti ìlú Troy. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ka ìtàn yìí sí àlọ́. Schliemann kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1866, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún 44, ó pa òwò tì, ó lọ jókòó sí iyàrá ẹ̀kọ́ ní yunifásítì Paris.

Ní ọdún 1868 ó gbé ìwé Homer dání lọ sí ilẹ̀ Tọ́kì. Frank Calvert, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ń gbé níbẹ̀, ni ó tọ́ka òkè Hisarlik fún un pé ibẹ̀ ni Troy wà. Calvert ni ó ni apá kan òkè náà, ó sì ti ń walẹ̀ níbẹ̀ ṣáájú. Ó dunni pé nígbà tí òkìkí dé, Schliemann kò fún ọkùnrin yìí ní ọlá tí ó tọ́ sí i.

Láti ọdún 1871 títí di 1873 ni ó kó àwọn alágbàṣe jọ tí wọ́n wa kòtò ńlá la àárín òkè náà já. Kì í ṣe ìlú kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀: ìlú mẹ́sàn-án ni ó wà lórí ara wọn, bí ọ̀kan ti ń parun ni a ń tẹ òmíràn dó lé e. Nítorí pé Schliemann gbà pé ìlú tí Homer wí ní láti wà nísàlẹ̀, ó wó ohun tí ó wà lókè dànù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1873 ó rí ohun ọ̀ṣọ́ wúrà púpọ̀, ó sì kéde pé ìṣúra Priam, ọba Troy, ni. Ó kó o jáde ní ìkọ̀kọ̀. Ìjọba ilẹ̀ Tọ́kì pè é lẹ́jọ́, ó sì san 50,000 fránkì. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ó hàn gbangba pé ìṣúra náà fi ohun tí ó ju 1,000 ọdún lọ ṣáájú ogun Troy. Nínú ohun tí ó ti fi ìkánjú wó ni apá kan ìlú tí ó ń wá gan-an wà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní ọdún 1876 ó walẹ̀ ní Mycenae ní ilẹ̀ Gíríìkì, ó sì rí ibojì márùn-ún, tí díẹ̀ nínú àwọn òkú inú wọn fi wúrà bojú. Ìwé ni ó tọ́ka ọ̀nà fún un níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti ọdún 1882 ni Wilhelm Dörpfeld, tí ó mọ iṣẹ́ ilé kíkọ́, ti ń bá a ṣiṣẹ́. Ọkùnrin yìí kọ́ ọ ní sùúrù, àti bí a ṣe ń ka ìpele ilẹ̀ bí ẹni ń ka ojú ewé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti lọ. Schliemann kú ní Naples ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 1890, wọ́n sì sin ín sí Athens.

Ìwé ni ó sọ ibi tí a ó gbẹ́ fún ọkùnrin yìí. Ọkọ́ ni ó sì fi hàn pé ìwé kò mọ ohun gbogbo. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ọmọ ilẹ̀ Jámánì pẹ̀lú, dé Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí ó rí ẹwà orí tí a fi amọ̀ àti idẹ ṣe, ó so wọ́n mọ́ Atlantis, ilẹ̀ tí Plato ará Gíríìkì kọ ìtàn rẹ̀, bí ẹni pé ọwọ́ àwọn baba ńlá wa kò lè ṣe é. Ìwé ni ó gbára lé, kò fi sùúrù bi ilẹ̀ léèrè. Ní ọdún 1938, àwọn tí ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ tún rí orí idẹ púpọ̀ sí i. Ìwalẹ̀ oníṣùúrù tí ó tẹ̀lé e ni ó fi hàn pé iṣẹ́ ọwọ́ ará Ifẹ̀ ni gbogbo wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará ilé, bí ẹ bá ń wa ìpìlẹ̀ tí ẹ rí àpáàdì tàbí irin àtijọ́, ẹ dá ọkọ́ dúró, kí ẹ ránṣẹ́ sí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn odi, bí ọmọ yín bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ méjèèjì yìí pọ̀, ẹ má ṣe dí i lọ́wọ́. Bí àwọn ọmọ wa kò bá wa ilẹ̀ wa kí wọ́n sì ka ìtàn rẹ̀, àlejò ni yóò máa kà á fún wa.