Bí Emil Jellinek ṣe fi ìfẹ́ eré àti owó rẹ̀ sọ ọkọ̀ Daimler di Mercedes

Nílẹ̀ Yorùbá, tọmọdé tàgbà ló mọ mẹ̀sí. Nígbà kan, bí ọlọ́lá bá ra mẹ̀sí ọlọ́yẹ́, gbogbo àdúgbò ní í bá a yọ̀, àwọn olórin a sì fi kún oríkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pe orúkọ ọkọ̀ yìí ni kò mọ̀ pé orúkọ ọmọdébìnrin kan ni wọ́n ń pè, àti pé bàbá ọmọ náà kì í ṣe ẹnjiníà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe mẹkáníìkì. Emil Jellinek ni orúkọ bàbá náà. Oníṣòwò ni, ó sì tún jẹ́ aṣojú ìjọba nílẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n ohun tó mú kí ìtàn rántí rẹ̀ ni pé ó fẹ́ràn ọkọ̀ Jámánì tó ń sáré, kò sì jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe é sinmi títí tí ọkọ̀ náà fi rí bí ọkàn rẹ̀ ṣe fẹ́.

Ọmọ ọ̀mọ̀wé tí kò fẹ́ ìwé

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin, ọdún 1853 ni wọ́n bí Emil sí ìlú Leipzig, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Adolf Jellinek, bàbá rẹ̀, jẹ́ gbajúgbajà àlùfáà ẹ̀sìn àwọn Júù àti ọ̀mọ̀wé tí tolórí tẹlẹ́mù ń bọ̀wọ̀ fún. Nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré ni bàbá rẹ̀ kó gbogbo ìdílé lọ sí Vienna, olú ìlú Ọ́síríà. Ilé ìwé kíkà nilé wọn. Georg, ẹ̀gbọ́n Emil, di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìmọ̀ òfin, Max Hermann, àbúrò rẹ̀, sì di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìmọ̀ èdè. Emil nìkan ni ìwé kò wọ̀ lára.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún 17, wọ́n wá iṣẹ́ rélùwéè fún un, bóyá yóò lè gbájú mọ́ nǹkan kan. Kò pẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n fi lé e lọ. Ìtàn tí wọ́n ń sọ títí dòní ni pé wọ́n ká a mọ́ ibi tó ti ń ṣètò bí àwọn ọkọ̀ ojú irin yóò ṣe máa bára wọn sáré lóru. Bí ìtàn náà bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ìfẹ́ eré ti wà lára ọkùnrin yìí kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Àwọn tó mọ bàbá rẹ̀ ló bá a wá iṣẹ́ sí ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Ọ́síríà ní Mòrókò, ó sì ṣiṣẹ́ nílùú Tangier àti Tetouan. Ibẹ̀ ló ti pàdé Rachel, tó fi ṣaya. Lẹ́yìn náà, ó ṣòwò tábà ní Àlùjéríà, ó sì tún bá ilé-iṣẹ́ adójútòfò Faransé kan ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ti padà sí Ọ́síríà ni Rachel bí ọmọbìnrin kan fún un, lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1889. Mercédès ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Sípéènì jẹ mọ́ àánú. Ọmọ ọdún mẹ́rin péré ni Mercédès wà tí ìyá rẹ̀ fi kú lọ́dún 1893. Láti ìgbà náà ni Jellinek ti mú orúkọ ọmọ náà bí oríire rẹ̀. Ó fi sọ ilé, ó fi sọ ọkọ̀ ojú omi, nígbà tó sì yá, ó fi sọ ọkọ̀ ilẹ̀.

Oníbàárà tí nǹkan kì í tẹ́ lọ́rùn

Ìlú Nice, létí òkun gúúsù ilẹ̀ Faransé, ni Jellinek fi ṣe ibùgbé. Nígbà òtútù, ibẹ̀ ni àwọn ọba, àwọn ọmọ ọba àti àwọn olówó Yúróòpù máa ń wá gbafẹ́. Jellinek mọ̀ wọ́n, ó ń bá wọn jẹ, ó ń bá wọn mu, ó sì ń bá wọn ṣòwò. Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rà á. Ó gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta De Dion-Bouton ti ilẹ̀ Faransé, ó sì tún ra Benz, ṣùgbọ́n wọn kò yára tó lójú rẹ̀.

Lọ́dún 1896, ó gbọ́ nípa ilé-iṣẹ́ Daimler, ó sì wọkọ̀ lọ sí Cannstatt, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Stuttgart, láti lọ fojú ara rẹ̀ rí Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach, ọ̀gá ẹnjiníà wọn. Lọ́dún 1897, ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó rà níbẹ̀ dé. Agbára ẹṣin mẹ́fà ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní, nítorí iye ẹṣin tó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn agbára ẹ́ńjìnnì, eré rẹ̀ kò sì ju kìlómítà 24 lọ láàárín wákàtí kan. Ẹlòmíràn ì bá yọ̀ mọ́ ọn. Jellinek kọ̀wé sí wọn pé ó lọ́ra jù, ó ní kí wọ́n ṣe èyí tí yóò sá kìlómítà 40. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣiyèméjì, ó fàáké kọ́rí. Lóṣù kẹsàn-án, ọdún 1898, ọkọ̀ Phoenix méjì dé bá a, tí ẹ́ńjìnnì wọn wà níwájú, tó ní sílíńdà mẹ́rin àti agbára ẹṣin mẹ́jọ. Àwọn ni ọkọ̀ títì àkọ́kọ́ lágbàáyé tó ní sílíńdà mẹ́rin.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí ọkọ̀ tuntun bá ti dé, Jellinek yóò gbé e jáde sí ojú ọ̀nà etíkun àti orí òkè, yóò wo ohun tó ń gbóná jù, yóò wo ohun tó ń já, yóò sì da lẹ́tà àti tẹligíráàmù bo àwọn ará Cannstatt. Lẹ́tà rẹ̀ kì í dùn kà, èébú a máa wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó máa ń tẹ̀ lé èébú náà. Lọ́dún 1899, ọkọ̀ mẹ́wàá ló gbà lọ́wọ́ wọn, nígbà tó di ọdún 1900, ó ti di 29, ó sì ń fi èrè tà wọ́n fún àwọn ọ̀tọ̀kùlú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìfẹ́ ọkọ̀ àti ìfẹ́ owó jọ ń gbé inú ọkùnrin yìí ni, kò sì fi èyíkéyìí pa mọ́.

Ó tún ń kó àwọn ọkọ̀ náà lọ sí ìdíje tí wọ́n máa ń ṣe ní Nice lóṣù kẹta ọdọọdún. Àṣà ìgbà náà ni kí olówó fi orúkọ mìíràn wọ ìdíje. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ni Jellinek mú, bó ṣe di pé lọ́dún 1899, Ọ̀gbẹ́ni Mercedes ni wọ́n ń pè é nídìí ìdíje nìyẹn.

Ikú Wilhelm Bauer

Agbára ni Jellinek ń béèrè, agbára náà ni wọ́n sì ń fún un, títí tí ẹ́ńjìnnì Phoenix fi di agbára ẹṣin 23. Ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ náà kò yí padà tó bó ṣe yẹ. Ó wúwo, ó ga, ó kúrú, ẹ́ńjìnnì ńlá sì tẹ̀ ẹ́ níwájú. Ní ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹta, ọdún 1900, nínú ìdíje gígun òkè láti Nice lọ sí La Turbie, Wilhelm Bauer, òṣìṣẹ́ Daimler tó ń wa ọkọ̀ náà, kó sí kọ́nà kan, ọkọ̀ sì lọ kọ lu àpáta. Ọjọ́ kejì ló kú. Kò tíì pé oṣù kan tí Gottlieb Daimler fúnra rẹ̀ ti jáde láyé, lọ́jọ́ kẹfà oṣù náà.

Ìbànújẹ́ dorí ilé-iṣẹ́ náà kodò, àwọn ọ̀gá níbẹ̀ sì ń rò ó pé kí àwọn jáwọ́ pátápátá nínú ọ̀rọ̀ eré sísá. Bí èèyàn bá fẹ́ pín ẹ̀bi ikú Bauer, kò lè ṣàì kan Jellinek, nítorí òun ló ń pariwo pé kí wọ́n fi agbára kún agbára. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Jellinek wo ẹ̀yìn, ó sì rí i pé kì í ṣe eré ló pa Bauer bí kò ṣe ọkọ̀ tí a kò kọ́ fún irú eré bẹ́ẹ̀. Ohun tó wá ń béèrè kò mọ sórí agbára mọ́. Ó ní kí ọkọ̀ náà gùn, kó fẹ̀, kó fúyẹ́, kí ẹ́ńjìnnì sì wà nísàlẹ̀ kó lè di ilẹ̀ mú.

Lọ́jọ́ kejì, oṣù kẹrin, nígbà tí òkú Bauer kò tíì jẹrà, ó bá ilé-iṣẹ́ Daimler ṣe àdéhùn. Ọkọ̀ 36 ló fẹ́ rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, 550,000 owó máàkì sì ni gbogbo rẹ̀. Ní ti orúkọ, kí ẹ́ńjìnnì tuntun náà máa jẹ́ Daimler-Mercedes. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó tún béèrè fún 36 mìíràn. Wọ́n gbé e sínú ìgbìmọ̀ àwọn olùdarí, wọ́n sì fún un láṣẹ pé òun nìkan ni yóò máa ta ọkọ̀ náà ní Faransé, Bẹ́ljíọ̀mù, Amẹ́ríkà, Ọ́síríà àti Họ́ńgárì.

Ọkọ̀ tuntun dé

Maybach ló wá jókòó ti iṣẹ́ náà. Ṣáásí, ìyẹn irin gbọọrọ tí gbogbo ara ọkọ̀ jókòó lé, ló kọ́kọ́ tún ṣe, ó fà á gùn, ó sì mú un wálẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà di agbára ẹṣin 35, síbẹ̀ ó fúyẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kìlógíráàmù 230 péré ló wọ̀n. Èyí tó wuni jù ni rédíétọ̀ rẹ̀. Ọ̀pá kéékèèké 8,070 ni Maybach tò pọ̀ bí afárá oyin, tí atẹ́gùn ń gba àárín wọn kọjá. Omi lítà mẹ́sàn-án tó láti mú ẹ́ńjìnnì náà tutù, níbi tí wọ́n ti ń lo lítà 18 tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejìlá, ọdún 1900 ni wọ́n kó àkọ́kọ́ nínú wọn ránṣẹ́ sí Jellinek. Kò kọ́kọ́ rọgbọ. Nínú ìdíje tó wáyé nílùú Pau lóṣù kejì, ọdún 1901, ọkọ̀ náà kọṣẹ́, kò sì parí eré. Wọ́n tú u, wọ́n wá ibi tí àìsàn wà, wọ́n sì tún un ṣe. Lóṣù kẹta, wọ́n gbé e dé Nice. Wilhelm Werner ló wà á. Ó sáré kìlómítà 392 láti Nice lọ sí Salon àti àbọ̀, pẹ̀lú eré tó tó kìlómítà 58 láàárín wákàtí kan, ó sì gbapò kìíní. Lẹ́yìn náà, ó dojú kọ òkè La Turbie tí Bauer kú sí. Kìlómítà 51 ló ń sá láàárín wákàtí kan gun òkè náà, nígbà tí ẹni tó gbégbá orókè lọ́dún 1899 kò ju 31 lọ. Ó gùn ún dókè láyọ̀.

Ẹnu ya àwọn Faransé, tí wọ́n ti rò pé àwọn nìkan ló mọ ọkọ̀ eré ṣe. Wọ́n sì tún rí i pé bí ìdíje bá parí, èèyàn lè de àga méjì mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ kan náà, kó kó ìyàwó àti ọmọ sínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni gbogbo ayé ti ń wo ọkọ̀ Jellinek ṣe tiwọn. Lóṣù kẹsàn-án, ọdún 1902, ìjọba Jámánì fi òǹtẹ̀ lu Mercedes gẹ́gẹ́ bí orúkọ ọjà Daimler. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Jellinek fúnra rẹ̀ gba àṣẹ láti máa jẹ́ Jellinek-Mercedes. Bàbá wá ń jẹ́ orúkọ ọmọ.

Ọdún 1903 kan náà ni iná jó ilé-iṣẹ́ Cannstatt, tí ọkọ̀ tí wọ́n ti ń tọ́jú de ìdíje Gordon Bennett nílẹ̀ Ireland sì jóná. Wọ́n lọ yá Mercedes 60 tí oníbàárà kan ń gùn, wọ́n tú ohun tí eré kò nílò kúrò lára rẹ̀, Camille Jenatzy, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, sì fi í borí lọ́jọ́ kejì, oṣù keje. Ní Daytona, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lóṣù kìíní, ọdún 1904, William K. Vanderbilt fi Mercedes sá eré tó lé ní kìlómítà 148 láàárín wákàtí kan.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀

Ṣùgbọ́n ẹnu tí Jellinek fi kọ́ ọkọ̀ náà ló fi ba àárín òun àti ilé-iṣẹ́ jẹ́. Òun àti àwọn olùdarí kò gbọ́ ara wọn yé mọ́. Maybach, tó máa ń sọ àlá rẹ̀ di irin, fibẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1907. Jellinek náà yọwọ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́ aṣojú ìjọba.

Nígbà tí ogun àgbáyé bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1914, ọ̀tá ni Faransé àti Ọ́síríà jẹ́ síra wọn. Faransé tó fi ṣe ilé fẹ̀sùn kàn án pé amí ni, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá rẹ̀. Ó di ẹni tó ń sá kiri. Ìlú Geneva, ní Switzerland, ló kú sí lọ́jọ́ kọkànlélógún, oṣù kìíní, ọdún 1918, lẹ́ni ọdún 64. Mercédès, ọmọ rẹ̀, kú ní Vienna lọ́dún 1929, ọdún 39 péré ló lò láyé. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ni Daimler àti Benz ti da ilé-iṣẹ́ wọn pọ̀, tí orúkọ ọkọ̀ náà fi di Mercedes-Benz.

Dúkìá Jellinek lọ, ṣùgbọ́n àṣà tó dá sílẹ̀ kò lọ. Lọ́dún 1967, nígbà tí Hans Werner Aufrecht àti Erhard Melcher dá AMG sílẹ̀ láti máa tún ẹ́ńjìnnì Mercedes ṣe fún eré, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀. Lónìí, ẹni tó ra ọkọ̀ Jámánì tó yára, tó ń tẹ́tí sí ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tó ń fi agbára kún un tó sì ń mú un wálẹ̀, ọmọ ẹ̀yìn Jellinek ni, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé ni ẹ̀kọ́ tí òkè La Turbie fi ẹ̀mí Bauer kọ́ ọ̀gá wọn: kí a tó fún ọkọ̀ lágbára, ká rí i dájú pé ara rẹ̀, táyà rẹ̀ àti bíréèkì rẹ̀ lè gbé agbára náà.