Ludwig Guttmann

Ludwig Guttmann (3 Oṣù Keje 1899 – 18 Oṣù Kẹta 1980) jẹ́ oníṣègùn iṣan ara, ọmọ Jámánì tó di ọmọ ilẹ̀ Brítéènì. Òun ló yí ìtọ́jú àwọn tó fara pa ní ọ̀pá ẹ̀yìn padà, òun náà ló sì dá ìdíje tó di Paralympic sílẹ̀.

Ìgbà èwe àti iṣẹ́ ní Jámánì

Ìdílé Júù ni wọ́n bí i sí ní ìlú Tost, tó wà ní Poland lónìí. Ní ọdún 1917, nígbà tó ń ṣèrànwọ́ ní ilé ìwòsàn kan, ó rí awakùsà èédú tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́. Àwọn oníṣègùn gbà pé ẹ̀pa kò bóró mọ́, ọkùnrin náà sì kú láìpẹ́. Guttmann gboyè dókítà ní 1924. Nígbà tí ìjọba Násì lé àwọn Júù kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 1933, ó lọ sí ilé ìwòsàn àwọn Júù ní Breslau. Ní 1939, òun àti ìdílé rẹ̀ sá lọ sí England.

Stoke Mandeville

Ní 1 Oṣù Kejì 1944, ó di olórí ẹ̀ka ìtọ́jú ọ̀pá ẹ̀yìn ní ilé ìwòsàn Stoke Mandeville. Ṣáájú ìgbà náà, egbò ìdùbúlẹ̀ àti àrùn kíndìnrín ló ń pa ọ̀pọ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Guttmann pàṣẹ pé kí wọ́n máa yí wọn padà ní wákàtí méjì-méjì, tọ̀sán-tòru.

Ìwádìí lórí ọkàn

Ní 1947, òun àti David Whitteridge tẹ ìwádìí pàtàkì kan jáde. Wọ́n fi hàn pé bí ibi tó fara pa bá wà lókè ọ̀pá ẹ̀yìn, àpò ìtọ̀ tó kún lè mú kí ìfúnpá aláìsàn ga lójijì, kí ọkàn rẹ̀ sì máa lù díẹ̀díẹ̀. Ìdí ni pé òpó ẹ̀jẹ̀ ìsàlẹ̀ ara á fún pọ̀, àṣẹ ọpọlọ pé kó dẹ̀ kò sì ní lè kọjá ibi tó bà jẹ́. Ewu rọpárọsẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tú ìtọ̀ náà jáde, ìfúnpá sábà máa ń wálẹ̀.

Eré ìdárayá

Ní 29 Oṣù Keje 1948, ọjọ́ tí Olympic bẹ̀rẹ̀ ní London, aláàbọ̀ ara 16 fi ọfà títa díje lórí kẹ̀kẹ́ wọn ní Stoke Mandeville. Ní 1960, àwọn eléré 400 láti orílẹ̀-èdè 23 díje ní Rome. Lójú Guttmann, ìtọ́jú ni eré: bí ẹsẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, apá ló kù tí yóò máa mú ọkàn ṣiṣẹ́.

Ìgbà ìkẹyìn

Ó gba oyè Sir ní 1966, ó sì kú ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Nítorí pé egbò àti àrùn kíndìnrín kò tètè pa àwọn tó fara pa ní ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́, ọ̀pọ̀ wọn ń dàgbà darúgbó. Àrùn ọkàn sì ti wà lára ohun tó ń pa wọ́n jù báyìí.